Àlà Ọbàtálá àti Aró tí Ojú Kò Rí



Aṣọ funfun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ̀ lọ sí ojúbọ Ọbàtálá lóde òní, aṣọ aró ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò le létí àwọn kan, nítorí pé lójú wa, àlà àti aró kì í gbé ibì kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí gan-an nìyẹn. A kò ri aṣọ náà bọ ìkòkò elú, kò sì ní àwọ̀ kan tí a lè nàka sí. Síbẹ̀, wọ́n ti pa á láró ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, àwa náà sì ń tún un pa láró ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá da ọṣẹ oníyẹ̀fun sínú abọ́ ìfọṣọ.

N kò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, n kò sì sọ pé ẹni tí ó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti jẹ èèwọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé aró yìí ti yí ojú wa padà. Ó ti kọ́ wa láti máa pe àwọ̀ òwú fúnra rẹ̀ ní ìdọ̀tí. Bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, a ó lé àlà gan-an jáde kúrò ní ojúbọ, a ó fi aṣọ ilé-iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, a ó sì máa rò pé àṣà ni à ń gbé ga.

Ní ìpàdé àwọn olórìṣà kan ní Ìlọrin níbí (n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí ó pè é), ìyá àgbà kan wá, ọmọ ilé Ọbàtálá ni. Ó ró kíjìpá tí ìyá tí ó bí i lọ́mọ hun fún un kí ó tó lọ sílé ọkọ. Òwú tí a fi ọwọ́ ran ni. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sá a, ó ká a dáadáa kí ó tó gbé e wá. Nígbà tí a fẹ́ ya àwòrán, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń to àwọn ènìyàn sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ìyá wa, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí àwọn tí aṣọ wọn funfun dúró níwájú. Tiyín ti pọ́n.” Ìyá náà kò jà. Ó wo aṣọ ara rẹ̀, ó wo ti àwọn yòókù, ó sì rọra bọ́ sẹ́yìn. Léèsì àti gínì nìkan ni ó kù níwájú, gbogbo wọn ń tàn bí iná mànàmáná.

Ọmọ náà kò ṣe àfojúdi. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ, ìyẹn gan-an ni ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nínú gbogbo aṣọ tí ó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà, ti ìyá yìí nìkan ni kò sí aró kankan nínú rẹ̀. Òun ni a sọ pé ó pọ́n.

Kí wá ni aró yìí? Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè é ní optical brightener. Aró-ìmọ́lẹ̀ ni n ó máa pè é nínú àròkọ yìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lò, aró sì ni ìwà rẹ̀. Òwú tí a já lóko kì í funfun bí yìnyín. Àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti ògì àgbàdo funfun, nítorí pé àwọn èròjà aláwọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń gbé apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ búlúù mì. Bí búlúù bá dín kù nínú ìmọ́lẹ̀ tí aṣọ dá padà, ojú wa yóò rí i bí ẹni pé ó pọ́n díẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́, wọn yóò kọ́kọ́ se òwú náà nínú omi sódà líle kí ìda àti ọ̀rá ara rẹ̀ lè kúrò, wọn yóò sì fi hydrogen peroxide bó àwọ̀ rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ṣe ni wọ́n ń yọ nǹkan kúrò lára òwú. Aró-ìmọ́lẹ̀ ni ó ń fi nǹkan kún un.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú ènìyàn kò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Aró náà yóò gba ìtànṣán yìí mọ́ra, ní nǹkan bí 350 nanomítà, yóò sì tú u jáde gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ojú rí, ní nǹkan bí 435 nanomítà. Búlúù tí ó tú jáde yìí ni yóò dí àlàfo èyí tí òwú gbé mì. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lára aṣọ náà lè pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí tí ó bọ́ sórí rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n kan wà tí àjọ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CIE gbé kalẹ̀ fún wíwọn bí nǹkan ṣe funfun tó. Ohun tí ó bá dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ padà láìku ẹyọ kan ni ó ń gba 100. Aṣọ tí a pa ní aró-ìmọ́lẹ̀ lè gba 130, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yìí kà: aṣọ náà funfun ju ohun tí ó funfun tán lọ. Òwú wo ni Olódùmarè dá sí oko tí yóò bá a du irú ipò bẹ́ẹ̀?

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé aró-ìmọ́lẹ̀ kì í fọ ìdọ̀tí. Ọṣẹ ni ó ń fọ ìdọ̀tí. Kì í sì í bó àwọ̀ bí Jik àti Hypo ti ń bó o. Àwọ̀ tí òwú ní ṣì wà níbẹ̀. Búlúù ni a fi bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, aṣọ tí ó dọ̀tí díẹ̀ tí ó ní aró yìí lè tàn ju aṣọ tí ó mọ́ tónítóní tí kò ní in lọ. Nínú ọṣẹ oníyẹ̀fun, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí lára aṣọ kì í kéré.

Bí mo ṣe ń pè é ní aró yìí, kì í ṣe àfiwé lásán. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí òwú jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí èròjà tí wọ́n ń pè ní stilbene. Ó gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ cellulose, èyí tí í ṣe ara òwú gan-an, gẹ́gẹ́ bí irú àwọn aró òwú kan tí wọ́n ń ta lọ́jà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Kò fẹ́ràn pólíẹ́sítà. Aṣọ oníyẹn ní irú tirẹ̀ tí wọ́n ń lò. Nínú ìtàn rẹ̀, ohun kan wà tí yóò pa àwọn oníṣègùn wa lẹ́rìn-ín. Ní 1929, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Paul Krais, kọ̀wé pé òun fi èròjà inú èèpo igi kan tí ń jẹ́ horse chestnut ra aṣọ, tí aṣọ náà sì funfun sí i. Èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i! Àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e síwájú, àti pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó wá wọ inú ọṣẹ ìfọṣọ káàkiri ayé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní láti wọ yàrá ìwádìí kankan. Kí ó yá iná elésè àlùkò tí àwọn tí ń gba owó fi ń yẹ náírà wò. Bébà tí wọ́n fi ṣe owó kì í tàn lábẹ́ iná yẹn, nítorí pé wọn kò fi aró-ìmọ́lẹ̀ sí i. Bébà lásán ni yóò tàn gbòò. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti kó aṣọ oríṣiríṣi sábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí a pa fèrèsé rẹ̀ dé. Gínì tuntun tàn. Ẹ̀wù òwú tí wọ́n ti fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ léraléra tàn, kódà ó tàn ju gínì lọ ní ibi ọrùn. Ìgbànú kíjìpá àtijọ́ kan tí kò mọ ọṣẹ oníyẹ̀fun rí dákẹ́ sínú òkùnkùn, a kàn ń rí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí eérú. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní: “Sà, ó jọ ti owó. Èyí tí kò tàn ni ojúlówó.” N kò rò pé mo lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe òní ni a ti ń fi àwọ̀ kún aṣọ funfun, òótọ́ sì ni. Búlúù ti wà tipẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí ọ̀nà ṣe ultramarine láìlo òkúta iyebíye, ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1820, ni ó ti di ohun tí tálákà lè rà. Ilé-iṣẹ́ Reckitt ti ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tà á káàkiri, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn alágbàfọ̀ ayé ìgbà náà ń di í sínú àkísà, wọ́n ń fì í nínú omi ìṣanṣọ ìkẹyìn. Àwọn agbẹ́gilére wa kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: irun orí ère ìbejì tí wọ́n ń fi elú kùn tẹ́lẹ̀, búlúù alágbàfọ̀ ni wọ́n wá ń fi kun ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lára àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òrìṣà kò bínú sí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé mo ń lé ohun tuntun nítorí pé ó jẹ́ tuntun, kò gbọ́ mi yé.

Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín méjèèjì ni pé búlúù kì í fara pamọ́. Ó wà nínú omi, o rí i. Bí o bá sọ ọ́ pọ̀ jù, aṣọ yóò fi ọ́ hàn fún gbogbo ọjà. Ìyá tí ó ń lò ó mọ̀ pé búlúù ni òun fi sí i. Ta ni nínú wa tí ó mọ ìgbà tí aró-ìmọ́lẹ̀ wọ aṣọ rẹ̀? A rà á mọ́ ọṣẹ ni. Ohun tí a kò mọ̀ pé ó wà ni ó sì wá di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara wa.

Èdè wa gan-an kò bá òṣùwọ̀n tuntun yìí mu. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo ń kọ́ni, ẹ jẹ́ kí n gbé fìlà olùkọ́ dé fún ìgbà díẹ̀. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ òpómúléró nínú Yorùbá: funfun, pupa, dúdú. Nítorí pé mẹ́ta péré ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀. Pupa kó iyeyè, osùn àti ìdẹ mọ́ra. Dúdú kó ewé tútù àti aró mọ́ra. Funfun náà fẹ̀: a ń pe ẹfun ní funfun, a ń pe òrí ní funfun, a ń pe eyín erin, wàrà, ewú orí àti ẹ̀kọ ní funfun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bá èkejì dọ́gba. Ẹ wá wo òjé, irin tí àwọn olórìṣà funfun ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Àwọ̀ eérú ni òjé ní bí ó bá pẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ kò sí babalórìṣà kan tí ó sọ pé kò funfun tó fún Ọbàtálá. (Mo gbà pé omi ara ìgbín ní búlúù díẹ̀ nínú, ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni a ti wá ń pò pọ̀: mọ́, funfun, dán, tàn. Aṣọ lè mọ́ kí ó má funfun. Ó lè funfun kí ó má dán. Ohun tí ó ń tàn ni iná, oòrùn àti òṣùpá. Nígbà tí a bá ń kìlọ̀ fún ìyàwó òrìṣà pé kí àlà rẹ̀ má ṣe ní àbàwọ́n, mímọ́ ni à ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, funfun sì ni irú aṣọ tí a ní kí ó fi ṣe é. Títàn kò sí nínú àdéhùn náà. Ìpolówó ọṣẹ lórí rédíò àti tẹlifíṣàn ni ó so títàn mọ́ mímọ́, tí ó sì sọ pé aṣọ tí kò bá tàn, olówó rẹ̀ kì í ṣe ìmọ́tótó. Láti ìgbà náà ni ààlà tí ó wà láàárín funfun àti pọ́n ti ń sún. Àwọ̀ òwú tí ó wà nínú ilé funfun lánàá ti di ará ilé pupa lónìí, bẹ́ẹ̀ ni òwú kò ṣí kúrò níbi tí ó wà. Ojú wa ni ó ṣí.

Mo sì ní láti sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ òrìṣà náà fúnra rẹ̀, nítorí pé wọn yóò bi mí. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ Ọbàtálá sí ọba tí ó ni àlà. Ohùn orí orúkọ náà kò rọrùn láti bá àlà mu, nítorí ohùn òkè ni ó parí orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni àlà ní. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán láàárín àwa onímọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n bí orúkọ náà bá tilẹ̀ ti ibòmíràn wá, aṣọ náà kò kúrò lára rẹ̀: àlà ni a mọ̀ ọ́n mọ́, òwú ni a sì ń fi hun àlà.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlọrin jẹ́ ìlú ahunṣọ. Ẹni tí ó bá rìn wọ àwọn agbo ilé àárín ìlú yóò gbọ́ ìró òfì kí ó tó rí ẹni tí ó jókòó sídìí rẹ̀. Aṣọ òkè ayẹyẹ ni iṣẹ́ wọn jù lọ, òwú ilé-iṣẹ́ àti òwú tí ó ń dán ni wọ́n sì ń lò. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n hun àlà lásán fún òun, wọn yóò hun ún, ṣùgbọ́n ta ni ó ń bèèrè rẹ̀? Àwa tí ó yẹ kí á jẹ́ oníbàárà wọn, gínì láti ilé-iṣẹ́ Getzner ní ìlú Bludenz, ilẹ̀ Austria, ni a ń fojú sọ́nà fún, àti léèsì láti ilẹ̀ kan náà. N kò ní ohun tí mo fẹ́ fi àwọn ará Austria ṣe. Aṣọ wọn dára, wọ́n sì ti ń bá wa ṣòwò tipẹ́. Ohun tí kò yé mi ni bí ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń gbé Ìṣẹ̀ṣe dìde yóò ṣe sọ aṣọ òkèèrè di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ̀ kí ó tó lè dúró níwájú, tí aṣọ tí a hun ní ilé yóò sì wà lẹ́yìn.

Àwọn alágbàfọ̀ ìlú yìí mọ ohun tí mo ń sọ. Láti Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí fẹ́ràn láti wọ funfun lọ sí Jímọ̀. Aṣọ tiwa náà wà láàárín rẹ̀. Inú omi kan náà ni aṣọ wa àti tiwọn ti ń jáde, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú pé kò sí iná elésè àlùkò kankan tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹ̀wù àáfà àti ẹ̀wù awo. Alágbàfọ̀ kan ṣàlàyé fún mi pé àwọn oníbàárà kì í wo bóyá aṣọ mọ́. Wọ́n ń wò bóyá ó “gbé iná”. Bí kò bá gbé iná, wọn kò ní padà wá. Òun náà yóò wá bu Omo sí i. (Omo ni ó pè é, bí gbogbo wa ti ń ṣe fún gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Unilever Nàìjíríà kéde ní 2023 pé àwọn yóò jáwọ́ nínú títa Omo gan-an.)

Gbèsè kan tún wà tí a kì í rí. Oòrùn máa ń ba aró-ìmọ́lẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ń sá aṣọ sóòrùn, tí a sì ń wọ̀ ọ́ rìn lóòrùn, títàn rẹ̀ yóò máa dín kù, àwọ̀ òwú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì máa yọjú. Ojú tí ó ti mọ́ra pẹ̀lú títàn yóò ní aṣọ ti pọ́n. A ó tún ra ọṣẹ. Bí a bá sì da bílíìsì oníkiloríìnì mọ́ ọṣẹ náà, ọ̀pọ̀ aró tí ó wà nínú omi ni bílíìsì yóò pa kí ó tó dé ara aṣọ, fọ́nrán òwú náà yóò sì máa rọ. Mo mọ àwọn ọmọ awo tí owó ọṣẹ àti Hypo wọn lọ́dún ju owó tí wọn ìbá fi hun aṣọ àlà kan lọ.

Atakò tí ó lágbára jù lọ tí mo ti gbọ́ ti ẹnu àgbà awo kan jáde, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ó ní: “Ọmọ mi, ohun tí ó dára jù lọ ni a fi ń bọ òrìṣà. Nígbà tí a kò ní ju kíjìpá lọ, a fi kíjìpá bọ ọ́. Nígbà tí ohun tí ó funfun jù ú lọ dé, ta ni yóò fi èyí tí ó kéré fún Òrìṣàńlá?” Ìdáhùn mi ni pé a kò tíì fi hàn pé ó sàn jù. A fi hàn pé ó tàn jù. Ìgbín kì í ṣe ẹran tí ó níye lórí jù lọ lọ́jà, síbẹ̀ òun ni Ọbàtálá ń gbà. Ohun tí ó bá ìwà òrìṣà mu ni a fi ń bọ ọ́. Ohun tí ó tutù, tí ó rọra, tí kò pariwo. N kò rí bí aṣọ tí ń jà mọ́ni lójú ṣe bá ìwà yẹn mu. Àgbà náà rẹ́rìn-ín, kò sì gbà. A ó tún máa bá a lọ.

Kò yẹ kí á gbàgbé àwọn ará wa ní òkèèrè. Ní Kúbà, ìyàwó òrìṣà ń wọ funfun fún odidi ọdún kan. Ní Bahia, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ funfun fún Oxalá. Ibi tí wọ́n wà, aṣọ òwú tí kò ní aró-ìmọ́lẹ̀ lè ṣòro láti rí, owó rẹ̀ sì lè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ohun tí mo kọ yìí dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mo kọ̀ ni òfin tí ó ń dójú ti ẹni tí kò ní aró, n kò fẹ́ dá òfin mìíràn sílẹ̀ tí yóò dójú ti ẹni tí ó ní in.

Nípa ti ìlera, mo ti ń rí àwọn àtẹ̀jáde kan láàárín wa pé májèlé ni, pé ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ pa ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á fi irọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní òótọ́. Ohun tí ó dájú ni ti omi. Aró-ìmọ́lẹ̀ kì í tètè jẹrà nínú omi. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń bà á jẹ́ jù. Ó wà níbẹ̀ débi pé àwọn tí ń ṣèwádìí omi ń lò ó gẹ́gẹ́ bí àmì: bí wọ́n bá rí i nínú odò tàbí nínú ìsun, wọ́n mọ̀ pé omi ìdọ̀tí ilé ènìyàn ti dà á. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn kan nínú wọn fi ń mú un? Òwú ni. Wọn yóò so òwú tí kò ní aró-ìmọ́lẹ̀ mọ́ inú ìsun fún ọjọ́ mélòó kan, wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò sì gbé e sábẹ́ iná elésè àlùkò. Bí ó bá tàn, ó ti jẹ́rìí. Èmi tí mo ń dífá, tí mo mọ bí nǹkan kékeré ṣe ń sọ̀rọ̀ ńlá, kò yà mí lẹ́nu pé òwú ni wọ́n yàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ etí odò nígbà ọdún, yálà Ọ̀ṣun ni tàbí Asà wa níbí, ẹ má da ọṣẹ oníyẹ̀fun sínú omi Yèyé.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Nínú ìwé ìpè ọdún Ìṣẹ̀ṣe tí ń bọ̀, ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, kí a yọ “funfun báláú” kúrò, kí a kọ “àlà tàbí aṣọ funfun tí ó mọ́”. Kí àwọn tí ń to ènìyàn fún àwòrán tò wọ́n bí oyè àti ọjọ́ orí bá ti rí, kì í ṣe bí aṣọ bá ti tàn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá lágbára bẹ ahunṣọ kan níṣẹ́ lọ́dọọdún, ó kéré tán àlà kan fún ojúbọ, pẹ̀lú òwú tí wọn kò fi aró-ìmọ́lẹ̀ sí. Òwú ilé-iṣẹ́ náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú iná kí a tó sanwó. Ẹni tí ó bá sì rí ẹni tí ó ṣì mọ òwú ran, kí ó fi ọmọ méjì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti fífọ̀, àlà kò bèèrè ju omi tí ó mọ́ àti ọṣẹ tí kò ní aró lọ. Mo fẹ́ràn ọṣẹ tí a fi òrí ṣe. Igi òrí kò wọ́n ní Ìpínlẹ̀ Kwara, òrí sì jẹ́ ti Ọbàtálá tẹ́lẹ̀. Ẹ yẹra fún èyí tí a fi àdín ṣe bí ẹ bá ní Èṣù nílé. Bí àbàwọ́n bá wà, ẹ rẹ aṣọ náà mọ́jú, kí ẹ sì tẹ́ ẹ tútùtútù sórí koríko lóòrùn. Omi àti oòrùn yóò bó o díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí òwú rọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí aró-ìmọ́lẹ̀ kúrò lára aṣọ tí ó ní tẹ́lẹ̀ yóò ní sùúrù, nítorí kì í ṣàn dànù lọ́jọ́ kan. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń fi ọṣẹ òrí fọ dàńṣíkí kan tí mo fi ń lọ síbi ìtẹ̀fá. Iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti padà sí àwọ̀ ògì. Lábẹ́ apá, níbi tí oòrùn kì í dé, ó ṣì ń tàn díẹ̀ bí mo bá gbé e sábẹ́ iná.